Ọ̀nà Tí Ó Là, Ọ̀nà Tí Ó Dí: Ìtumọ̀ Jíjìnnà Láàárín Ìbàdàn àti Èkó, 1870–1907

Ẹni tí ó bá wo máàpù yóò rí i pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó yá jù láti gbà lọ sí Èkó láti Ìbàdàn. Àwọn oníṣòwò ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ka jíjìnnà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ka iye ọjọ́ ìrìn, wọn a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọ̀nà là. Ìjẹ̀bú kì í sábà jẹ́ kí ará òkè kọjá dé etí ọ̀sà; ọwọ́ àwọn alágbàtà Ìjẹ̀bú ni ẹrù ń gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọjà Èjìnrìn, tí kò jìnnà púpọ̀, jìnnà sí ará Ìbàdàn. Ojú mìíràn ni Ìjẹ̀bú fi wò ó, ó sì yẹ kí òpìtàn gba tiwọn rò: ibodè tí ó dí ni odi ìlú wọn, òun náà ni oúnjẹ wọn. Ọ̀nà Ẹ̀gbá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà lè dí i nígbàkigbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870 ni ìjọba Èkó, lábẹ́ John Glover, ṣí ọ̀nà Oǹdó. Ọkọ̀ a gba ọ̀sà dé Àtìjẹ́rẹ́. Láti ibẹ̀ èrò a fi ẹsẹ̀ rìn gba Oǹdó àti Òkè-Igbó dé Ilé-Ifẹ̀, kí ó tó yà sí Ìbàdàn. Ọ̀nà àyíká gbáà ni, síbẹ̀ èrò gbà á nítorí pé ó là. Nígbà tí ogun Kírìjì (1877–1893) sì dé, ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ń kó ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn Èkìtìparapọ̀, ọ̀tá Ìbàdàn. Ohun tí ó sún Èkó mọ́ Ìbàdàn ti sún un mọ́ àwọn tí ń bá a jà pẹ̀lú.

Ní 1892, ogun Ìmàgbọn fi agbára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ó gbà. Ìjẹ̀bú-Òde kò rí i. Ní 1907 ó dé Òṣogbo, ó sì fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlú Aláàfin, tí kò ju nǹkan bí máìlì 32 lọ sí Ìbàdàn, wá jìnnà sí Èkó ju Òṣogbo lọ lójú oníṣòwò. Ìjọba pàápàá rí i bẹ́ẹ̀: láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n la títì mọ́tò sí, tí ọkọ̀ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní 1906, kí ẹrù Ọ̀yọ́ lè bá ọkọ̀ ojú irin.