Omele Tí Kì í Jẹun

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń ta gìtá nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ lúùpù bíi pé òkè òkun ni wọ́n ti kó o dé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé èrò ìnáwó láti Ọjà'ba gun òkè Màpó ti gbọ́ ọ. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ níwájú: ó ń ki oríkì, ó ń pa òwe, ó ń tọrọ owó. Ṣùgbọ́n àwọn ìlù kéékèèké tó ń tẹ̀lé e, tí a ń pè ní omele, pàápàá gúdúgúdú tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan náà yẹn bá dákẹ́, kò síbi tí ìyáàlù máa fìdí lé. Lúùpù náà nìyẹn.

Jùjú gbé e bọ́ sórí gìtá. Àyìndé Bákàrè, tó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1937, bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná ní 1949. Iná yìí ló jẹ́ kí gìtá lè dúró láàárín ìlù púpọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Túndé Nightingale, tí wọ́n bí sí Ìbàdàn níbí ní 1922, wà lára àwọn tó sọ jùjú di orin òde ìnáwó. Nígbà tó fi máa di àsìkò King Sunny Adé, gìtá ti pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń ta ìró kúkúrú tí kì í yí padà, bí omele gẹ́lẹ́. Ẹ gbọ́ àwo Juju Music ti 1982, níbi tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ti ń ta gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pariwo sínú kànga.

Ní 1973, Robert Fripp àti Brian Eno gbé àwo kan jáde ní Ìlú Ọba. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: ohun tí èkíní gbà sílẹ̀, èkejì á tún un sọ, Fripp á sì máa ta gìtá lé e lórí. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti wá kéré débi pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Lionel Loueke, ọmọ ilẹ̀ Benin tó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò okùn gìtá nígbà tí kò rówó ra òmíràn, ń fi irú ẹ̀rọ yìí sọ ara rẹ̀ di odindi ẹgbẹ́ olórin.

Èmi náà ní onígìtá kan tí mo fẹ́ràn jù nígboro. Níbi ìnáwó kan ní Bẹyẹrúnká ni mo ti kọ́kọ́ rí i pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí. Òun nìkan ló wá. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mi ò rí ìkankan. Ó ta ìró kan, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ìró náà ń yí lọ fúnra rẹ̀. Ó ta òmíràn lé e. Ó tẹ pẹ́dà kejì, gìtá dún bíi báàsì. Kí a tó mọ̀, ẹnì kan ti di mẹ́rin! Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Lẹ́yìn náà ni màmá àgbàlagbà kan dìde láti jó, ijó jẹ́jẹ́, ijó àgbà. Onígìtá fẹ́ rọra fà á sẹ́yìn fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ màmá. Ó di dandan kó pa gbogbo rẹ̀ kó tó tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, bàbá onígúdúgúdú kan tí ẹnikẹ́ni ò pè, tí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì, wo ẹsẹ̀ màmá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Nígbà tí òde túká, mo bi í pé, "Bọ̀dá, àwọn ọmọ yín dà?"

Ó ní, "Àbúrò, owó tí wọ́n san ò tó pín."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í gba owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé àwọn Àyàn, ọmọdé kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù kékeré ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, níbi tó ti ń lu ohun kan náà ló ti ń gbọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jùjú. Ebenezer Obey wà nínú ẹgbẹ́ Fàtàí Rolling Dollar kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Tí ẹ̀rọ bá wá gba àga ẹ̀yìn, níbo ni ọmọ tó máa di Sunny lọ́la máa jókòó sí?

Mi ò ní ká sọ ẹ̀rọ nù o. Ó dùn, mo sì máa tún lọ wò ó. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ ẹ̀yin tó ń ta gìtá ní họ́ọ̀lù wa: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó tì yín, kó máa ta ìró kan ṣoṣo yẹn. Ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ó máa ṣì í ta. Ẹ mú sùúrù fún un, ó ń gbọ́ yín.