Ẹ̀gẹ́ Sọdá Òkun, Ìkejì Rẹ̀ Kò Bá A Wá

Ẹ má sọ ọ́ létí àwọn ẹbí mi ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n gàrí kò dàgbà tó bí wọ́n ṣe ń pè é. Iṣu ni àgbà oúnjẹ ilẹ̀ wa. Àjèjì ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí. Ilẹ̀ Bùràsíìlì àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ayébáyé, àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600, ìhà odò Kóńgò sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ní tiwa, ó di àwọn ọdún 1800, nígbà tí àwọn Àgùdà láti Bùràsíìlì àti àwọn Sàró láti Sierra Leone ń darí bọ̀ wálé lẹ́yìn ìgbèkùn, kí gàrí tó di ohun tí à ń yan jẹ tí a sì ń yan tà káàkiri.

Àyẹ̀wò oúnjẹ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, gàrí sì ni ọwọ́ mi kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo rí dì mú láti ìdí iṣẹ́ yẹn nìyí: púpọ̀ nínú ìyọnu tí ẹ̀gẹ́ bá wa fà, ó fà á nítorí pé òun nìkan ló dé. Ó fi ohun tó yẹ kó bá a wá sílẹ̀ lẹ́yìn òkun. Ibẹ̀ náà la sì ti ń lọ wá a, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà náà títí di òní.

Ọ̀rọ̀ májèlé ló ṣáájú. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin. Tó bá wà láyè ara rẹ̀, kò sí wàhálà. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ linamarase, yàrá ọ̀tọ̀ nìyẹn sì ń gbé nínú ẹ̀gẹ́ kan náà. Bí eku bá gé e jẹ, tàbí tí irin bá họ ọ́, ògiri àárín wọn á wó, wọ́n á pàdé, sáyánáìdì á sì jáde. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ nínú oko nìyẹn. Ṣùgbọ́n sáyánáìdì kì í fẹ́ jókòó: ìwọ̀n ooru 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, ooru ọ̀sán tiwa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìrin fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó bá rin ẹ̀gẹ́ kúnná, tó dì í sápò, tó fún omi rẹ̀ dànù, tó wá yan án lórí iná, ó ti fún májèlé náà ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti sá lọ. Ẹni tó bá se é lódidi, tó sì jẹ́ oríṣi tó korò, kò fún un ní ọ̀nà kankan tó dáa.

Màmá tó bí ìyá mi yan gàrí títí ojú rẹ̀ fi pọ́n kanlẹ̀ nítorí èéfín. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ sáyánáìdì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ rírin kò bá tíì lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sábẹ́ agbada. "Kò tíì kan," wọ́n á ní, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n sì máa ń so ewúrẹ́ jìnnà sí gọ́tà tí omi ẹ̀gẹ́ ń gbà kọjá.

Ta ló kọ́ irú wọn? Ní Bùràsíìlì, àwọn onílẹ̀, kí òyìnbó tó débẹ̀ rárá, ti ní àpò gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti, èyí tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ki ẹ̀gẹ́ rírin sí i, wọ́n á so ó kọ́ sókè, wọ́n á sì fi nǹkan tó wúwo fa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń gùn ni ikùn rẹ̀ ń fún, tí omi ń kán. Wọ́n á wá yan èyí tó kù, òun ni farinha. Oúnjẹ yìí ló bọ́ oko ìrèké, òun ló sì wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn èèyàn wa sọdá. Mi ò lè mu gàrí tútù nígbà mìíràn kí n má rántí èyí. Nígbà tí àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í padà, tí wọ́n sì wá pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú lọ́dún 1835 ní Bàhíà, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Pópó Àgùdà l'Ékòó àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), gbogbo ayé sì ń yìn wọ́n fún iṣẹ́ bíríkì. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin wọn nídìí agbada ṣe wá láǹfààní ju bíríkì lọ. Àwa fi àpò àti òkúta rọ́pò tipiti, jáàkì sì gba ipò òkúta nígbà tó yá. Àwa náà la fi kíkan ọlọ́jọ́ púpọ̀ kún un, èyí tí ará Ìjẹ̀bú kò lè ṣe aláìní títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ibi tí ẹ̀gẹ́ wà tí ọgbọ́n yìí kò tẹ̀ lé e dáadáa, tàbí tí ìyà kò jẹ́ kí wọ́n lò ó, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1938, dókítà ará Ítálì kan, Giovanni Trolli, kọ̀wé nípa àìsàn kan ní ìhà Kwango ní Kóńgò: ẹni tó sùn láìsí nǹkan kan á jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á ti le gan-in, kò sì ní bọ̀ sípò mọ́. Konzo ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ní ọdún 1981, ọ̀dá ńlá mú ìpínlẹ̀ Nampula ní Mozambique. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù lóko, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n sá a gbẹ tó bó ṣe yẹ. Ó lé ní 1,100 èèyàn tí àìsàn kan náà mú, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Hans Rosling, dókítà ará Sweden tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá mọ̀ lẹ́yìn náà nítorí bó ṣe ń fi àwòrán ṣàlàyé ìṣirò ayé, wà lára àwọn tó tọpinpin rẹ̀.

Ti Bandundu, ní Kóńgò kan náà, ló máa ń dùn mí jù. Kì í ṣe ọ̀dá ló fa konzo níbẹ̀, títì ni. Wọ́n la títì ọlọ́dà dé ọ̀dọ̀ wọn láti Kinshasa, ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra ẹ̀gẹ́, owó dé. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi kí wọ́n tó sá a wá ń rẹ ẹ́ mọ́jú péré, kí ọjà má bàa fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn olùwádìí, Rosling sì tún wà níbẹ̀, gbé ìwádìí náà jáde ní ọdún 1992. Ìlú kan náà, ẹ̀gẹ́ kan náà. Òru méjì tí wọ́n yọ kúrò ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀.

Ara ẹ̀dá lè borí sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀, kí á sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ló ń fún un ní ohun ìjà. Nítorí náà tálákà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ láìsí ọbẹ̀ gidi ni àìsàn yìí máa ń bá.

Nílé wa ńkọ́? Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó jẹ́ dókítà iṣan ní Ìbàdàn, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Wọ́n rí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí wọn ń dín kù. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àmì sáyánáìdì sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀sọ́sà, ìlú Hubert Ogunde, wà lára ibi tí wọ́n ti rí i púpọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn padà síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan lára wọn kò gbà mọ́ pé sáyánáìdì nìkan ló ń fà á. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìdí ohun gbogbo tán kì í padà lọ wò ó.

Mo bá ọmọbìnrin kan tó ń ta gàrí nídìí títì jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Gàrí rẹ̀ funfun báláú, kò ní òórùn kankan. Mo ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ mélòó lo fi sínú àpò?" Ó ní, "Mọ́mì, a rin ín lánàá, a yan án láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀ pé ọjà kì í dúró deni." Èmi yìí, mo rántí Bandundu, mo sì dúró rojọ́ títí oníbàárà rẹ̀ fi lọ. Àfikún kan: ti pé ó kúnná, tó sì fún omi rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí gàrí ọmọ náà máà ní ewu tó bí mo ṣe bẹ̀rù. Òfin oúnjẹ Codex, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, ni pé sáyánáìdì inú kílò gàrí kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ. Imú kò lè wọn ìyẹn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ti ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1959, olùwádìí méjì ní Ìbàdàn, Collard àti Levi, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé ìpele méjì ni ẹ̀gẹ́ rírin fi ń kan. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, gbìyànjú láti sọ gàrí di iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ abúlé nínú ẹ̀rọ ni ìrin ẹlẹ́ńjìnnì tí wẹ́dà lè tún ṣe lábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sóko. Àrùn kan wà tó ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di aláwọ̀ pípọ́n, tó sì ń ká a kò. Ẹ̀gẹ́ kò mọ àrùn yìí rí ní Bùràsíìlì, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti bá a pàdé, nítorí náà kò ní agbára kankan sí i. Ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, igi rọ́bà Ceará tó jẹ́ ọmọ Bùràsíìlì náà, ní agbára. Ní Amani, ní Tanganyika ìgbà náà, wọ́n fi igi yìí fún ẹ̀gẹ́ lóyún, wọ́n sì ń tún un ṣe léraléra. Irúgbìn láti ibẹ̀ dé oko ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn, èyí tó hù jáde tó sì yè kooro ni wọ́n sọ ní 58308. Òun ni Sang Ki Hahn, ará Korea tó dé iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ní 1971, fi ṣe ìpìlẹ̀ àwọn oríṣi bíi TMS 30572 tó kún oko wa. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Séríkí Àgbẹ̀. Mo ti gbọ́ oyè púpọ̀ tí wọ́n ń fi owó rà. Wọn ò ta ìyẹn.

Àrùn ewé nìkan kọ́ ló bá ẹ̀gẹ́ jà, kòkòrò funfun kan náà gba oko. Phenacoccus manihoti ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1973 sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìhà Kóńgò. Ó ń fa oje orí ẹ̀gẹ́, ewé á ká, igi á rán bí ọmọ tí ebi ń pa, kò sì ní sí igi tó dáa láti gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba ń wá oògùn apakòkòrò, Hans Herren, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Switzerland tó dé IITA ní 1979, ń bi ara rẹ̀ pé: ta ló ń jẹ kòkòrò yìí ní ilé rẹ̀? Ilé rẹ̀ gan-an kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá a káàkiri Àárín Amẹ́ríkà àti ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n òun kọ́, ọ̀tá tìyẹn kò sì wúlò. Paraguay ni Tony Bellotti ti rí ojúlówó rẹ̀ ní 1981. Agbọ́n kékeré kan, tí kò tó mílímítà méjì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú tán, á sì fi àwọ̀ òfìfo sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sé àwọn agbọ́n náà mọ́ ní Ìlú Ọba láti rí i dájú pé wọn ò gbé àrùn wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n tú wọn sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú wọn sóko káàkiri Áfíríkà. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀, kò sì fín oògùn kankan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Herren gba World Food Prize ní 1995. Nígbà tí kòkòrò kan náà sì wọ Thailand ní 2008, orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí IITA ń sin agbọ́n náà sí, ni wọ́n ti lọ gbé e.

Ó ku omi. Omi tí jáàkì fún jáde nínú ẹ̀gẹ́ ń ṣàn wọ odò ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí nílẹ̀ wa. Koríko ń kú lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹja ń kú níbi tó bá já sí, òórùn rẹ̀ ni àlejò fi ń mọ abúlé. Ní Pará, ní àríwá Bùràsíìlì, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á jẹ́ kó tòrò kí sítáàṣì lè sùn sísàlẹ̀, wọ́n á kó ìyẹn, wọ́n á wá se omi tó kù fún wákàtí púpọ̀ títí sáyánáìdì fi bá ooru lọ. Ọbẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń pè ní tucupi ni, òun ni wọ́n fi ń se pẹ́pẹ́yẹ nígbà ọdún Círio ní Belém lóṣù kẹwàá. Nínú ìgò ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Mo sọ èyí fún àbúrò mi kan tó ní ibi ìyan-gàrí, mo ní kó má dán an wò fúnra rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn yàrá àyẹ̀wò kọ́kọ́ wọn tiwa wò, nítorí tiwa ti kan kó tó jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Ta ló máa san owó igi ìdáná?" Ìbéèrè gidi ni, igi sì ti wọ́n.