Ìwádìí Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Orísun Ìtàn: Àyẹ̀wò Gwagwarwa àti Sabon Gari ní Ìlú Kano

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mu. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àti ti yunifásítì ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú wọn a máa wá àkòrí lọ sí ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n ń gbé.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi Gwagwarwa àti Sabon Gari ní Kano ṣe àpẹẹrẹ. A ó fi hàn pé lára ohun pàtàkì tí a mọ̀ lónìí nípa agbègbè náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wá a rí. A ó tún fi hàn pé ìmọ̀ ẹ̀rọ, sáyẹ́ǹsì, òfin àti ìtàn kò ṣe é yà sọ́tọ̀ bí a bá fẹ́ lóye àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Lákòótán, a ó sọ ohun tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ṣe, nítorí pé àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ ń darúgbó, àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn Àdúgbò Tí À Ń Sọ

Èdè Hausa ni Sabon Gari. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìlú tuntun. Orúkọ kan náà ni àwọn ará Ìbàdàn gé kúrú sí Sábó, níbi tí àwọn Hausa ti ń gbé láti ọdún 1916. Ti Kano ti wà ṣáájú èyí: ọdún 1913 ni ìjọba amúnisìn dá a sílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, kí àwọn àlejò láti Gúúsù lè ní ibi tí wọn yóò máa gbé. Lónìí, Sabon Gari wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Fagge, Gwagwarwa tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Nassarawa. Ní ti ìwé ìjọba, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ti ìgbé ayé àwọn Yorùbá Kano, àdúgbò ìbátan ni wọ́n.

Kì í ṣe ọdún 1913 ni Yorùbá kọ́kọ́ dé Kano. Àdúgbò Ayagi tí ó wà nínú odi ìlú jẹ́ ẹ̀rí pé Yorùbá ti ń bá Kano ṣòwò, tí wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀, kí òyìnbó tó gba ìlú náà ní 1903. Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn náà ni iye àwọn tí ń wá, ohun tí ń gbé wọn wá, àti òfin tí ó dè wọ́n.

Ìmọ̀ Ẹ̀rọ: Ojú Irin

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bbà ní 1909. Láàárín kan náà, wọ́n ń la òmíràn láti Baro lọ sí Kano; èyí dé Kano ní 1911. Nígbà tí ó fi di 1912, ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ní Minna. Ní 1916, afárá Jẹ́bbà lórí odò Ọya parí, ọkọ̀ ojú irin kò sì nílò ọkọ̀ ojú omi mọ́ kí ó tó sọdá.

Bí a bá to àwọn ọdún wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ 1913 tí wọ́n dá Sabon Gari sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ọkọ̀ ojú irin ló kó akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, télọ̀, oníṣòwò obì àti aláṣọ wá. Ìlú tí reluwé gbà kọjá, irú bí Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin, rí ọ̀nà Kano nírọ̀rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ gidi lè bèèrè bí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ nínú ọgbà reluwé ṣe jáde sí ìgboro: ta ni ó kọ́ ta ni níṣẹ́ jíjó irin àti títún ẹ̀rọ ṣe, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mélòó ni ọ̀gá kan ní, èdè wo ni wọ́n fi kọ́ wọn? Ìbéèrè ẹ̀rọ ni. Ìbéèrè ìtàn náà sì ni.

Sáyẹ́ǹsì: Ẹ̀pà

Kì í ṣe nítorí ẹ̀pà ni àwọn òyìnbó ṣe la ojú irin dé Kano. Òwú ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ òwú Gẹ̀ẹ́sì ń fọkàn sí. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò Hausa gbìn, tí wọ́n sì tà. Jan Hogendorn ni ó kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1966. Iṣẹ́ náà di ìwé ní 1978. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọgbọ́n àwọn ará ilé ló gbé òwò ẹ̀pà dìde, kì í ṣe ètò ìjọba. Ẹ kíyè sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tí ó kó ẹ̀rí tí ó yí ìtàn tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ padà.

Òkìtì àpò ẹ̀pà Kano tí gbogbo ayé mọ̀ ti pòórá. Ní 1975, àrùn rosette, èyí tí kòkòrò kéékèèké tí ń fa omi ara ewé mu máa ń tàn kálẹ̀, ba oko ẹ̀pà Àríwá jẹ́ gidigidi. Ọ̀dá ti jà ṣáájú rẹ̀; iye owó tí ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ń san fún àgbẹ̀ kò dùn mọ́ wọn; owó epo rọ̀bì sì ti ń gba ọkàn ìjọba. Èwo nínú wọn ló pa òwò ẹ̀pà? Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì yóò ní àrùn ni, akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé yóò ní owó ni, akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yóò lọ bá alàgbà tí ó ru àpò ẹ̀pà rí ní Kano. Bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá jókòó pọ̀, ìdáhùn wọn yóò lágbára ju kí olúkúlùkù dá kọ tirẹ̀ lọ.

Òfin: Ta Ni Ọmọ Ìbílẹ̀?

Òfin ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ti 1916 sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kan tí ó jẹ́ ti Àríwá Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àlejò ni lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àbájáde rẹ̀ fún Yorùbá yani lẹ́nu. Ìlọrin àti Ọ̀fà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá; Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn wà lábẹ́ ti Gúúsù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹrù kan náà ni wọ́n ń gbé lọ sí Kano, síbẹ̀ ọ̀kan lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Àríwá níwájú òfin, èkejì sì jẹ́ àlejò.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní kókó tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà. Nígbà tí Yorùbá Ìlọrin jẹ́ ẹ̀yà tí ó wà ní Àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè sọ pé ẹ̀yà òun náà jẹ́ ti Àríwá? A kò ní dáhùn ìbéèrè yìí níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè ṣe ni. Yóò ka òfin 1916, yóò ka òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1962 àti òfin lílo ilẹ̀ ti 1978, yóò sì wo abala 43 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 tí ó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn náà, kí ó wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílé àti àwọn ayálégbé ní Gwagwarwa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an. Ṣé ìpínyà òfin yìí ló mú kí Yorùbá kan gbé Sabon Gari, kí òmíràn gbé Gwagwarwa? Ojú pópó ni ìdáhùn wà.

Òfin àti ìṣèlú kan náà wà ní ìdí rògbòdìyàn oṣù karùn-ún 1953. Ní 31 oṣù kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro dábàá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aṣáájú Gúúsù àti Àríwá. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fẹ́ wá polongo ní Kano, ọwọ́já ìjà náà dé Sabon Gari. Ìròyìn ìjọba sọ pé ènìyàn 36 ló kú, ó lé ní 200 tí ó farapa. Iye ni ìjọba kọ. Ẹni tí ó fi aládùúgbò rẹ̀ pa mọ́ sínú yàrá, Hausa tí ó gba Yorùbá là, Yorùbá tí ó gba Hausa là, irú ìtàn wọ̀nyí kì í sí nínú ìròyìn ìjọba. Ẹnu àgbà ni a ti ń gbọ́ ọ.

Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Kọ Ìtàn Yìí

Láti ìgbà tí Kenneth Dike ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950 ni ó ti hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà lè lo ìtàn àtẹnudẹ́nu pẹ̀lú ìwé ìjọba láti kọ ìtàn ilẹ̀ wa. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó bí ìtàn Sabon Gari. Ní Yunifásítì Bayero ni Ahmed Bako ti kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1990 lórí Sabon Gari. Ó di ìwé ní 2006. Ní yunifásítì kan náà ni Rasheed Olaniyi ti ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ lórí àwọn Yorùbá Kano. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2008. Ọmọ Hausa kan kọ nípa ibùgbé àwọn àlejò, ọmọ Yorùbá kan kọ nípa àwọn Yorùbá ní ìlú Hausa. Bí kì í bá ṣe ti iṣẹ́ wọn, ohun tí à bá mọ̀ kò ní pọ̀.

Àmọ́ ẹ wo àkọlé àwọn ìwé náà. Sabon Gari wà nínú ọ̀kan, Kano lápapọ̀ wà nínú èkejì. Gwagwarwa kò sí nínú ìkankan. Kò yani lẹ́nu. Ìjọba amúnisìn ló fi ìwọ̀n pín ilẹ̀ Sabon Gari, tí ó fún un ní nọ́ńbà, tí ó sì ń gba owó lórí rẹ̀. Nítorí náà ó ní fáìlì. Àdúgbò tí àwọn ènìyàn fi ilé kan lé èkejì títí ó fi kún, inú orí àwọn ará ibẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ wà.

Ohun Tí Ó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàárín ara wa. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ti di ọjà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ra odidi iṣẹ́; wọn yóò kàn yí orúkọ ìlú padà. A ti ka irú rẹ̀ rí, tí orúkọ ìlú àkọ́kọ́ ṣì wà ní orí kẹrin. Íntánẹ́ẹ̀tì mú un yá, ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn dá ìwé kọ sì ti mú un yá sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè da ohun tí ìyá àgbàlagbà kan ní Gwagwarwa kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni kọ. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí àdúgbò fi jẹ́ oògùn fún àrùn náà.

Àléébù kejì ni ti èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ a fi Yorùbá tàbí Hausa fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò, a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Òwe inú rẹ̀, àpèlé àdúgbò, orúkọ irinṣẹ́, gbogbo rẹ̀ a sọnù. Àléébù kẹta ni pé lẹ́yìn ìdánwò, iṣẹ́ náà a wọ inú àpótí, ikán a sì máa jẹ ẹ́.

Àbá

1. Kí àkòrí kéré. Pópó kan tó fún akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ní Sabon Gari, orúkọ bí i Yoruba Road, Ibo Road, Aitken Road, Festing Road àti Burma Road tó ohun tí a lè bèèrè ìtàn rẹ̀. Ní Gwagwarwa, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ó pẹ́ jù.

2. Kí a so akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ sórí àkòrí kan, bí a ti ṣàlàyé lórí ẹ̀pà.

3. Kí a gba ohùn abẹ́nà-ìmọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí a kọ ọ́ ní èdè rẹ̀, kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ rògbòdìyàn, kí a fi orúkọ bò láṣìírí.

4. Kí máàkì wà fún ẹ̀rí: ìwé àkọsílẹ̀ ojú oko ìwádìí, ohùn, àti ìdáhùn lẹ́nu níwájú ìgbìmọ̀. Kí alábòójútó iṣẹ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

5. Kí ẹ̀dà iṣẹ́ tí ó dára dé ibi ìkówèésí kọ́lẹ́ẹ̀jì, dé Arewa House ní Kàdúná, kí òmíràn sì padà sí ọwọ́ àwọn ará àdúgbò, yálà ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ojú irin, ẹ̀pà, òfin ilẹ̀ àti ìrántí àwọn ènìyàn jọ hun ìtàn Gwagwarwa àti Sabon Gari pọ̀, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó tú púpọ̀ nínú ìhun náà wò. Iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà rògbòdìyàn 1953 ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí àrùn bá ẹ̀pà jà ní 1975 ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún tàbí kí ó ti kọjá rẹ̀. Kíláàsì tí a óò pín àkòrí fún ní sáà tí ń bọ̀ yìí ṣì lè bá wọn. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa kíláàsì ọdún mẹ́wàá sí i.