Màmá Tíṣà tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ìbí

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, thread yìí gùn díẹ̀. 🧵

Màmá wa àgbà ní Ìrókò, lọ́nà Ọ̀yọ́ àtijọ́, ti papò dà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Àgùdà pọ́ńbélé, róṣárì kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a fẹ́ ṣe pósítà ìsìnkú ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo gan-an la bí Màmá?

Àríyànjiyàn yẹn ló rán mi létí nǹkan tí Màmá máa ń sọ.

Ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún 1954, ọmọ bí 457,000 ló wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1955, wọ́n ti lé ní 800,000! Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí tíṣà? Ẹni tó bá ti ka Standard Six, wọ́n á ní kó wá dúró níwájú kíláàsì. Bí Màmá ṣe di tíṣà nìyẹn, kí wọ́n tó lọ gba Grade Three, kí wọ́n tún tó padà lọ gba Grade Two.

Ta ló wá ní ìwé ọjọ́ ìbí lábúlé? Wọ́n á ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Tó bá kàn án, ó ti tó iléèwé lọ. Tí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. (Àwọn tọ́wọ́ wọn gùn jàǹfààní o 😂)

Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà ò mọ etí, ọjọ́ ìbí ló ń bèèrè. Màmá á bi ìyá ọmọ. "Ìgbà iṣu tuntun ni mo bí i." Màmá á wo kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri: ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọjọ́ tí wọ́n gba Màríà sọ́run. Ìgbà ọyẹ́? Ọjọ́ 6 oṣù Jánúárì, ọjọ́ àwọn Ọba Mẹ́ta. Òjò àkọ́rọ̀? Ọjọ́ 19 oṣù Mááṣì, ti Jósẹ́fù Mímọ́. Ọmọ lèmọ́mù o, ọmọ babaláwo o, gbogbo wọn ló gba ọjọ́ àwọn Àgùdà.

(Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀ wà lára àwọn tó ń jẹ́ Àgùdà. Àwọn ló ti ń gbàdúrà ní Èkó kí fadá tó dé.)

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó bá pé ọdún 60 tàbí tó lo ọdún 35 gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bàbá kan wá síbi àìsùn Màmá. Wọ́n ga ní kékeré, Màmá bá fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọmọ wọn méjì ṣì wà ní yunifásítì. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wá sọ fún Màmá, Màmá kúnlẹ̀ bẹ àwọn. Àgbàlagbà, fún ọmọ iléèwé rẹ̀! Bàbá ò rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Mi ò gbèjà Màmá. Àmọ́ tí wọn ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, ọmọ yẹn ò ní wọ kíláàsì.

Pósítà ńkọ́? Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì Màmá fúnra wọn: 15 Ògọ́ọ̀sì. Àbúrò wọn taku pé irọ́ ni, ìgbà ọyẹ́ ni ìyá àwọn sọ.

15 Ògọ́ọ̀sì la tẹ̀ síbẹ̀.