Ilé Oníṣẹ́ Awò ní Ìlú Bath

Akọrin ni William Herschel. Ará Jámánì ni, ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti ń tẹ dùùrù nínú ilé ìsìn. Ní ọdún 1773 ni ìfẹ́ ìràwọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Awò awọ̀nàjíjìn ńlá wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ó pinnu láti ṣe tirẹ̀ nínú ilé.

Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kọ́kọ́ fi páálí ṣe ọ̀pá oníhò; nítorí gígùn rẹ̀, ó tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá awò kò gbọdọ̀ tẹ̀. Láìpẹ́ káfíńtà ń kan ọ̀pá nínú pálọ̀ tí a ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, Alexander àbúrò rẹ̀ sì gbé ẹ̀rọ ìyígi sínú yàrá ibùsùn. Inú Caroline bàjẹ́, àwa kò sì dá a lẹ́bi! Síbẹ̀ òun ni ó ń fi oúnjẹ sí William lẹ́nu, nígbà tí ó fi wákàtí 16 dán dígí bàbà òun tánńganran láìgbé ọwọ́ kúrò.

Ọ̀pá ẹsẹ̀-bàtà 7 tí a fi mahógánì kàn, ìbátan igi ọ̀gánwó inú igbó wa, ni ó fi rí Uranus ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1781. Ní ọdún 1782 ọba George Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní £200 lọ́dọọdún. William fi orin sílẹ̀. Owó yìí kò tó, awò títà ni ó fi kún un. Ọba Spéìn san £3,150 fún ọ̀kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀-bàtà 25, èyí tí ó dé Madrid ní ọdún 1802. Ní ọdún 1808 àwọn ọmọ ogun Faransé bà á jẹ́, ṣùgbọ́n dígí rẹ̀ là á já.