Adobo ta ni ojúlówó? Ìtàn oúnjẹ kan tí ìjọba fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù 🧵

Ní July 2021, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò lórílẹ̀-èdè Philippines kéde pé wọ́n fẹ́ kọ ìlànà sílẹ̀ fún bí wọ́n ṣe ń se adobo. Háà! Orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná. Àwọn èèyàn ní ta ló fẹ́ kọ́ ìyá àgbà àwọn ní oúnjẹ sísè? Kíá ni ìjọba tún jáde, wọ́n ní kì í ṣe tipátipá o, torí kí oúnjẹ wọn lè gbajúmọ̀ lókè òkun ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí. Ìgbà tí mo wá tú ìtàn ẹ̀ dé ìdí, ẹ̀rín yẹn lọ. Torí ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ta ló ni oúnjẹ ìlú? Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ fún yín.

1/ Kí ni wọ́n ń pè ní adobo gan-an? Ẹran ni, adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n rọra sè nínú fínígà pẹ̀lú iyọ̀ tàbí sọ́ọ̀sì sóyà, aáyù, ata dúdú oníhóró àti bay leaf. Ìrẹsì funfun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2/ Orúkọ yẹn, èdè Sípéènì ni. Ó wá látinú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí èèyàn rẹ ẹran sínú èròjà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ yẹn ti wà kí àwọn Sípéènì tó gúnlẹ̀. Lọ́dún 1613, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Pedro de San Buenaventura tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Tagalog jáde. Nínú ẹ̀ ló ti pe oúnjẹ yìí ní adobo ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àlejò rí oúnjẹ onílé, ó jọ ti ilé tiẹ̀, ló bá sọ ọ́ lórúkọ ilé tiẹ̀. Orúkọ àlejò yẹn ló sì borí dòní.

3/ Kí ló dé tó jẹ́ fínígà? Ilẹ̀ wọn móoru, kò sí fíríìjì nígbà yẹn. Ẹran tí wọ́n bá fi iyọ̀ àti ohun kíkan sè kì í tètè bàjẹ́. Ibo wá ni wọ́n ti ń rí fínígà? Wọ́n ń dá igi àgbọn àti igi ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní nipa. Omi dídùn tó ń jáde lára àgbọn yẹn ni wọ́n ń pè ní tuba. Ẹmu ni, ẹ̀yin ará mi! Tí wọ́n bá fi sílẹ̀, á kan, á di fínígà. Ẹni tó bá ti mu ẹmu àná rí mọ ohun tí mò ń sọ.

4/ Àwọn oníṣòwò Ṣáínà náà ti ń bá wọn nájà kí Sípéènì tó dé. Ọwọ́ wọn ni sọ́ọ̀sì sóyà gbà wọlé. Òun ló sọ adobo di dúdú bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Èyí tí kò ní sóyà, tí wọ́n ń pè ní adobo funfun, òun ni wọ́n kà sí ti àtijọ́. Ẹ wò ó dáadáa o: èyí tí ayé ń pè ní adobo gidi lónìí, ọwọ́ àlejò méjì ló kọjá.

5/ Láti 1565 sí 1815, ọkọ̀ ojú omi ńlá ńlá ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín Manila àti Acapulco ní Mẹ́síkò. Ọ̀nà yẹn ni tòmátì, ata, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó gbà dé Philippines. Ata àti ẹ̀gẹ́ tí mò ń sọ yìí náà ló la òkun míì kọjá dé ọ̀dọ̀ tiwa. Kì í sì í ṣe gbígbà nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn atukọ̀ Philippines kọ́ àwọn ará Mẹ́síkò bí wọ́n ṣe ń dá igi àgbọn. Títí dòní, wọ́n ń ta tuba ní Colima, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é.

6/ Ó wá ku ìlú kọ̀ọ̀kan. Ní Batangas, ata ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń fi sí i, adobo wọn á wá ní àwọ̀ ìyeyè. Ní Bicol, omi funfun tí wọ́n fún lára àgbọn ni, ata wọn kì í sì í ṣe eré. Àwọn Bicol yìí kan náà ló ń fi omi àgbọn se ewé kókò, wọ́n ń pè é ní laing. Kókò tiwa yìí o! Tẹ́ ẹ bá wá dé Ilocos, ẹ máa bá pinakbet: ìkàn, ilá àti ejìnrìn, pẹ̀lú ẹja tàbí edé tí wọ́n ti fi iyọ̀ rẹ́ títí tó fi di bí irú lójú ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ejìnrìn. Àwa ń fi ewé ẹ̀ ṣe àgbo, wọ́n ń fi èso ẹ̀ jẹun.

7/ Nísinsìnyí, ẹ gbé ìwé ìlànà ìjọba wá. Adobo ta ni wọ́n máa kọ síbẹ̀? Tí wọ́n bá kọ ti Manila, ti Batangas ti di àṣìṣe nìyẹn. Doreen Fernandez, ọ̀mọ̀wé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí oúnjẹ Philippines kó tó kú lọ́dún 2002, ti ṣàlàyé pé bí oúnjẹ àlejò ṣe ń di ti onílé ni pé àwọn onílé á máa tún un ṣe títí á fi bá ẹnu wọn mu. Àtúnṣe yẹn gan-an ni àṣà. Tí ẹ bá dá a dúró, ẹ ti dá àṣà dúró.

8/ Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú ìwé kíkọ. Èmi náà fẹ́ bú u, àfi ìgbà tí mo ka ìtàn Maria Orosa.

9/ Ọmọ Taal ni Batangas ni. Ó kàwé ìmọ̀ oúnjẹ àti oògùn ní Seattle, ó sì padà sílé lọ́dún 1922. Obìnrin yìí lè dúró sí Amẹ́ríkà kó máa gbádùn ayé ẹ̀. Ó wálé wá máa wo ìkòkò àwọn ìyá. Ó ṣe ààrò tí wọ́n fi ìkòkò amọ̀ ṣe fún àwọn tí kò ní iná mànàmáná. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ketchup dípò tòmátì. Ó fi eèpo tín-ín-rín inú ìrẹsì, tí àwọn èèyàn ń dà nù, ṣe bisikíìtì tó ń gbógun ti àìsàn beriberi.

10/ Ogun Àgbáyé Kejì dé, Japan gba ìlú. Orosa wọ ẹgbẹ́ àwọn ajàjàgbara, ó di kápútéènì. Ó fi sóyà ṣe ìyẹ̀fun aṣaralóore tí wọ́n ń pè ní Soyalac. Wọ́n á kó o sínú ihò ọparun, wọ́n á sì yọ́ ọ wọlé fún àwọn tí Japan tì mọ́ inú Yunifásítì Santo Tomas. Oúnjẹ yẹn gba ẹ̀mí là.

11/ Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ní kó kúrò ní Manila. Ó kọ̀, ó ní ibi iṣẹ́ òun ni òun máa wà. Ní 13 February 1945, nígbà tí ìjà Manila ń lọ lọ́wọ́, àfọ́kù bọ́ǹbù bà á. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, bọ́ǹbù tún bá wọn níbẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí. Lọ́dún 1970, ọmọ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kó ìtàn ayé ẹ̀ àti àwọn ìlànà oúnjẹ tó kọ sílẹ̀ jọ sínú ìwé. Ká ní kò kọ wọ́n ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá ti bá a wọlẹ̀.

12/ Ibi tí mo wá já sí rèé. Orosa kọ ọ́ sílẹ̀ kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní. Kò kọ ọ́ kó lè sọ fún ìyá kankan pé tìẹ ò dáa. Ìwé kan wà tó ń pa nǹkan mọ́, ìwé míì sì wà tó ń ti ilẹ̀kùn. Ohun tí àwọn ọmọ Philippines ń bẹ̀rù lọ́dún 2021 ni kí ti àkọ́kọ́ má lọ di ti èkejì.

13/ Èmi wá ńkọ́? Mo bi ìyá ìyá mi pé iyọ̀ mélòó ló ń sí ọbẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Títí á fi tó." Mo ní, "Màámá, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀?" Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ yìí, mò ń lọ. Mo máa kọ ti Màámá bó ṣe ń sè é, mo sì máa kọ orúkọ ẹ̀ sókè ìwé náà, kí ẹni tó bá kà á mọ̀ pé ti ilé kan nìyí, kì í ṣe ti gbogbo ìlú.

Ta ló ń se ọbẹ̀ ilé yín, kí ló sì ń fi sí i tí àwọn aládùúgbò kì í fi sí tiwọn? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kà á.