Omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Kintampo: Igi, ìjì àti ààbò àlejò

Omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Kintampo wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí odò Pumpum ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjì líle wó igi ńlá kan lu àwọn tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 20 ló kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Síbẹ̀, gígé gbogbo igi kọ́ ni ojútùú, nítorí gbòǹgbò wọn ló ń di ilẹ̀ bèbè odò mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ètò tó yẹ ni kí onímọ̀ nípa igbó máa yẹ àwọn igi tó wà nítòsí ibi ìwẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n gé èyí tó bá ti jẹrà, kí àlejò sì kúrò nínú omi bí òjò bá ti ṣú.